Àwọn Nóòtù Tí Màmá Fi Yorùbá Kọ

Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì lẹ́yìn tí a sin Màmá, obìnrin kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa dá mi dúró níbi tí a ń gbé ọkọ̀ sí. Ó ní òun fẹ́ bi mí ní nǹkan kan, kí n má bínú. Ó ní nígbà tí Màmá ń kú lọ, èdè wo ni wọ́n fi gbàdúrà? Mo ní Yorùbá ni. Ó wò mí bí ẹni pé mo purọ́ fún òun nínú ọgbà ilé Ọlọ́run.

N kò bá a wí. Ẹni tó bá rí ìyá tó bí ìyá mi lẹ́ẹ̀kan péré kò ní rò pé Yorùbá wà lẹ́nu wọn. Ará Ṣáínà ni Màmá, látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Abúlé kan ní gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti bí wọn, Hong Kong ni wọ́n ti dàgbà. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti pàdé bàbá àgbà mi, ọmọ Ìbàdàn tó ń kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀. Wọ́n bá a lọ sí Ìbàdàn, wọ́n sì lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀. Nígbà tí bàbá àgbà kú, Mọ́mì, ìyá mi, mú wọn wá sọ́dọ̀ wa ní Sachse, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas ní Amẹ́ríkà níbí. Mei-Fong ni orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n. Àbẹ̀kẹ́ ni ìyá ọkọ wọn ń pè wọ́n. Nínú méjèèjì, Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n máa ń tètè dáhùn.

Màmá yìí ni kò jẹ́ kí Yorùbá kú nílé wa. Ọsibítù ni Mọ́mì ti ń ṣiṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì máa ń gbé wálé bí ẹni gbé àárẹ̀ wálé. Tí Dáre àbúrò mi bá ti ilé ìwé dé, tó ní "Hi, Grandma," Màmá á wo ẹ̀yìn ara wọn, wọ́n á tẹ̀ ba wo abẹ́ tábìlì, wọ́n á ní, "Ta ni ọmọ yìí ń kí?" Dáre á dọ̀bálẹ̀ tòun ti báàgì lẹ́yìn. Màmá á padà sídìí oúnjẹ wọn. Igi ìjẹun méjì tí àwọn ará Ṣáínà fi ń jẹun ni wọ́n fi ń mú dòdò lọ́kọ̀ọ̀kan sẹ́nu, ẹnu yẹn kan náà ni wọ́n sì fi ń tún ohùn wa ṣe. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé báwo ni Yorùbá ṣe dán lẹ́nu wọn tó báyìí, nígbà tí àwa ọmọ Yorùbá ń kọsẹ̀ nínú ẹ̀. Wọ́n ní, "Èdè tiwa náà ní ohùn. Nílé bàbá mi, tí o bá ṣi ohùn gbé, o ti bú ìyá oníyàá nìyẹn."

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń pè wọ́n ní Màmá Ṣáínà. Wọ́n ń jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ wọn. Lọ́dún kan, lọ́jọ́ tí a ń ṣe ìsìn àwọn ìyá, pásítọ̀ gbé makirofóònù fún wọn kí wọ́n wá jẹ́rìí bí Olúwa ṣe yọ wọ́n kúrò nínú òkùnkùn ilẹ̀ Ṣáínà. Màmá dìde. Wọ́n dúpẹ́ fún ọkọ tí Ọlọ́run fún wọn, wọ́n dúpẹ́ fún ọmọ àti ọmọ ọmọ. Wọ́n ní ìyá àwọn kò mọ ìwé kà, kò gbọ́ orúkọ Jésù rí títí ó fi kú, ṣùgbọ́n lásìkò ìyàn, ó máa ń bu ìrẹsì tirẹ̀ sínú abọ́ àwọn ọmọ, á ní òun ti yó. Ẹ̀rù ti ń bà mí lórí ìjókòó. Mo rí Mọ́mì tó ń fi ọwọ́ bo ojú. Màmá yíjú sí pásítọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ṣàlàyé oògùn fún aláìsàn: "Pásítọ̀, inú òkùnkùn kọ́ ni mo ti wá. Inú ìyá mi ni mo ti wá."

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn. Wọn kì í pariwo. Èmi kò rí ọjọ́ tí wọ́n gbé ohùn sókè rí, síbẹ̀ mi ò tí ì rí ẹni tó borí wọn nínú ọ̀rọ̀.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo gba ìwé awakọ̀ ni Màmá sọ mí di dírẹ́bà wọn. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, tí mo bá ti ilé ìwé dé, mo máa ń gbé wọn lọ sí Garland, ìlú tó wà nítòsí wa, sí gbọ̀ngàn kan tí àwọn arúgbó ará Ṣáínà ti máa ń péjọ mu tíì, tí wọ́n á ta ayò olókùúta pẹlẹbẹ. Màmá kò gbà kí n gba fríwéè, ọ̀nà márosẹ̀ ńlá. Wọ́n ní, "Gbogbo ènìyàn ló ń sá níbẹ̀. Ta ló ń lé wọn?"

Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ni Màmá kọ́kọ́ ń wọ̀n fún wọn níbẹ̀, nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í tán lára ẹni. Obìnrin méje ló máa ń tò sọ́dọ̀ wọn, èyí tó kéré jù nínú wọn ti lé ní márùn-dín-lọ́gọ́rin. Màmá ní kò sí ohun tí ènìyàn kì í sọ fún ẹni tó di apá ẹ̀ mú jẹ́jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Àwọn ìyá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí wọn kò sọ fún ọkọ, tí wọn kò sọ fún ọmọ, ní èdè Ṣáínà tí èmi kò gbọ́ àyàfi tí Màmá bá túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Nígbà tó yá, Màmá ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa kọ ọ́ sílẹ̀, kó má bàá bá wọn wọ ilẹ̀. Àwọn ìyá ní rárá. Tí wọ́n bá fi èdè Ṣáínà kọ ọ́, àwọn ọmọ á wá ẹni tó máa kà á fún wọn. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ fúnra wọn á kà á, ìtìjú á wọlé.

Màmá ronú sí i. Wọ́n ní, "Mo ní èdè kan tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ yín ò gbọ́."

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ní ènìyàn mélòó ló gbọ́ ọ ní gbogbo Garland. Màmá nawọ́ sí mi níbi tí mo jókòó sí tí mo ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Wọ́n ní, "Nínú yàrá yìí, èmi àti dírẹ́bà mi ni."

Àwọn ìyá náà rẹ́rìn-ín títí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti jọ ṣe àdéhùn: ẹni tó bá sọ ìtàn ló ni ín. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ láìjẹ́ pé ó fi ẹnu ara ẹ̀ yọ̀ǹda. Pẹ́ńsù ni Màmá fi kọ gbogbo ẹ̀ sínú nóòtù, ìyá kan nóòtù kan, wọ́n á fi ọ̀bẹ kékeré gbẹ́ ẹ títí á fi mú. Tí ọwọ́ bá ro wọ́n, inú mọ́tò ni wọ́n ti máa ń pe ìyókù fún mi, èmi á sì kọ ọ́. Mo ra bírò tó dáa fún wọn nígbà kan, wọ́n dá a padà fún mi. "Bírò ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì," ni wọ́n wí.

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ ní ọdún yẹn, ó ju ọjọ́ orí mi lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá yẹn, wọ́n gba olùkọ́ wá sílé fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n ní ìwé máa ń ba obìnrin jẹ́. Ẹ̀yìn ògiri ló ń jókòó sí, tó ń ṣa ẹ̀fọ́. Ó ń yọjú níbi tí ògiri ti là, ó sì ń fi ìka kọ ohun tó bá rí sórí itan ara ẹ̀. Ó ní títí dòní, tí òun bá gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ kan, itan òun ni òun máa ń wò.

Òmíràn sọ ti ìyá ìyá ẹ̀, tí wọ́n ti fi aṣọ di ẹsẹ̀ ẹ̀ láti ọmọ ọdún márùn-ún, títí egungun fi kán tí ìka fi ká sábẹ́, kí ó lè kéré, kí ó lè rí ọkọ gidi fẹ́. Òun ọmọ ọmọ ló ń bá a fọ ẹsẹ̀ náà. Lásìkò yẹn, ìjọba ti ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ilé kan ṣì ń ṣe é níkọ̀kọ̀. Lọ́jọ́ kan tí ọwọ́ ọmọ náà wà nínú omi, ìyá àgbà rọra sọ fún un pé, "Tí wọ́n bá fẹ́ di tìẹ, sá. Èmi ni wọ́n máa ní kó lé ọ, o sì mọ̀ pé n kò lè bá ọ."

Ìyá Chan wà níbẹ̀, tó pa mí lẹ́rìn-ín tó sì tún pa mí lẹ́kún láàárín ìṣẹ́jú kan. Amẹ́ríkà níbí ni ọkọ tí wọ́n fún un wà, ó ń ṣiṣẹ́ ìfọṣọ, kò ráyè wálé wá gbéyàwó. Àwọn òbí ọkọ gbé àkùkọ kan wá dúró ní ipò ẹ̀. Ìyá Chan àti àkùkọ jọ tẹríba fún àwọn àgbà ilé, ó sì di ìyàwó. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi tọ́jú àwọn àna kó tó fojú kan ọkọ. Màmá bi í pé irú ènìyàn wo ni ọkọ náà wá jẹ́ nígbà tó rí i. Ìyá Chan rẹ́rìn-ín títí tíì fi dànù lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní, "Àkùkọ yẹn, ó kéré tán, ó wò mí lójú."

Ẹ̀rù àwọn obìnrin yẹn máa ń bà mí, irú ẹ̀rù tó máa ń ba ènìyàn nígbà tó bá dúró nídìí òkè ńlá. Ẹ̀rù Màmá ló wá bà mí jù. Wọ́n á gbọ́ gbogbo èyí, ojú wọn ò ní yí padà, ọwọ́ wọn ò ní gbọ̀n. Mo ní ṣé kì í dùn wọ́n ni. Wọ́n ní, "Tí mo bá sunkún, èmi ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ lẹ́kún. Ta ló máa wá rẹ̀ wọ́n?"

Ó wá ku ti Ìyá Lau, èyí tí mi ò lè gbàgbé.

Ìyá Lau ni àgbà gbogbo wọn. Oníṣègùn eyín ni ọmọ kan ṣoṣo tí àwọn ènìyàn mọ̀ pé ó ní, Mansfield ló ń gbé. Mi ò mọ ẹni tó tú àṣírí fún ọkùnrin yìí pé ìyá ẹ̀ ń sọ ìtàn ilé wọn fún obìnrin kan tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ó dé ẹnu ọ̀nà wa ní Sachse. Mọ́mì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, aṣọ ọsibítù ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Ọkùnrin náà kò jókòó, kò gba omi. Gẹ̀ẹ́sì ló sọ, kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé àwọn, ilé àwọn ló wà fún. Ó ní kí Màmá kó ìwé náà wá, tí wọn ò bá fẹ́ rí lọ́yà.

Mọ́mì yíjú sí Màmá. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un, kó máa lọ."

Màmá wọ yàrá. Wọ́n mú nóòtù Ìyá Lau jáde, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ọkùnrin náà. Ó ṣí i. Ó ṣí ojú ìwé kejì. Ó yí i sápá kan.

"Èdè wo nìyí?"

"Yorùbá ni," Màmá dá a lóhùn. "Èdè àwọn ọmọ mi."

Ó wo Màmá, ó wo Mọ́mì, ojú ẹ̀ wá dúró lára mi. Ó ní, "Ìwọ, ṣé o lè kà á?"

Mo lè kà á. Èmi ni mo kọ ìdajì ẹ̀. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé tí mo bá ka ìlà mẹ́ta péré, ọkùnrin yìí kò ní jẹ́ ẹni tó wọlé yẹn mọ́. Mo wo Màmá kí wọ́n ṣẹ́jú sí mi. Ìta ni Màmá ń wò. Mo ní, "Mo lè kà á, sà. Ṣùgbọ́n ìyá yín ló ni ín."

Ó mú nóòtù náà, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, Ìyá Lau kò yọjú sí Garland. Ìgbà yẹn nìkan ni mo rí Màmá tí ọkàn wọn ò balẹ̀. Wọn ò jẹun dáadáa. Wọ́n á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́, wọn ò ní kọ nǹkan kan. Wọ́n ní kí n sọ òótọ́, ṣé àwọn ti fi ìtara ba ayé arúgbó jẹ́?

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kẹta, mọ́tò ọkùnrin náà tún dúró níwájú ilé. Ó rọra sọ ìyá ẹ̀ kalẹ̀, ó di apá ẹ̀ mú wọlé. Ó gbé nóòtù lé orí tábìlì. Ó ní òun bi ìyá òun, ìyá ní òun fẹ́ sọ ọ́, àmọ́ òun ò mọ ibi tí òun máa ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá ní kí àwọn wá sọ́dọ̀ obìnrin tó kọ ọ́, kí ó kà á sí etí àwọn méjèèjì.

Màmá bi Ìyá Lau lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá a lójú. Ìyá Lau mi orí lẹ́ẹ̀mejì. Màmá wá wọ gíláàsì wọn. Wọ́n ń wo Yorùbá, wọ́n ń fi èdè Ṣáínà kà á jáde, wọn ò kánjú. Mi ò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí wọ́n dé nípa bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé. Mo mọ ibi tí ogun ti dé abúlé. Mo mọ ibi tí oúnjẹ ti tán, tí ìyá ọkọ ti pàṣẹ pé kí wọ́n mú ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rin, àkọ́bí Ìyá Lau, fún ilé kan lábúlé kejì, kí wọ́n tọ́ ọ dàgbà láti fi ṣe ìyàwó fún ọmọ wọn ọkùnrin. Ìyàwó ilé kò ní ẹnu láti fi kọ̀. Ojú ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ni wọ́n wá dé, níbi tí Ìyá Lau ti sọ pé: "Mo se ẹyin méjì, mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì, kí ó má bàá rí ọwọ́ fi di aṣọ mi mú."

Ọkùnrin yẹn, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó rò pé òun nìkan ni ìyá òun bí láyé, kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú àga. Ó sọ gbólóhùn kan. Ìyá Lau dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, ó sì bú sẹ́kún. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bi Màmá pé kí ni ọmọ náà sọ. Wọ́n ní, "Ó ní, 'Kí ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi?' Ọdún gbọọrọ ni obìnrin yẹn kò ti pe orúkọ yẹn jáde."

Gbogbo àwọn ìyá méje ló ti lọ báyìí. Màmá gbé nóòtù ẹni tó bá ti yọ̀ǹda dé ilé àwọn ọmọ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kà á fún wọn. Ilé méjì tilẹ̀kùn mọ́ wa. Nóòtù àwọn yẹn wà lọ́dọ̀ mi, nínú apátímẹ́ǹtì mi, mi ò sì fẹ́ sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún tó kọjá, àìsàn ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í bá Màmá jà. Dókítà ti sọ ohun tó máa sọ. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kí n ra nóòtù tuntun wá, ó ku ẹnì kan. Mo ní ta ni? Wọ́n ní, "Èmi."

Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn ò túmọ̀ nǹkan kan. Wọ́n ní àwọn jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ní Hong Kong nígbà tí bàbá àwọn gba ohun ìdána lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù kan tí ìyàwó ẹ̀ kú, ọkùnrin tó tó bàbá wọn lọ́jọ́ orí. Ẹnikẹ́ni ò bi Màmá léèrè. Màmá ti rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, pé ìlú òyìnbó ń wá àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ṣe ìwé wọn níkọ̀kọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n ní àwọn ń lọ ra ẹja. Inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lẹ́tà kan tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù: kí ìtìjú má bàá pa ilé, bàbá wọn ti fi Mei-Kuen, àbúrò wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, fún oníṣọ́ọ̀bù náà.

"Mo sá," Màmá wí, "wọ́n sì mú ọmọ yẹn dípò mi." Wọ́n kọ lẹ́tà sí i títí, èsì kankan ò wá. Mo bi wọ́n pé ṣé nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń gbọ́ ìtàn àwọn ìyá Garland. Wọ́n ní, "Mo ń gbọ́ tiwọn kí n má bàá gbọ́ tèmi."

Mo ní ṣé Mei-Kuen ṣì wà láyé. Wọ́n ní ó wà. Ìbátan kan ti fún wọn ní nọ́ńbà ẹ̀ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó wà nínú Bíbélì wọn. Mo ní ká pè é. Màmá ní kí n jáde kúrò níwájú àwọn, ọmọ tí kò mọ ohun tó ń sọ. Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń po ọ̀gì fún wọn, wọ́n na pépà tí nọ́ńbà náà wà lórí ẹ̀ sí mi.

Mo tẹ nọ́ńbà. Ó dún títí. Ohùn arúgbó kan dáhùn, ohùn tó jọ ti Màmá débi pé mo wo ẹnu wọn. Màmá pe orúkọ kan ṣoṣo, "Mei-Kuen." Màmá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, wọ́n sọ ọ́ lọ láìsinmi, ohùn wọn ń já. Obìnrin tí àkùkọ àti ẹyin àti ẹsẹ̀ kíkán kò mú sunkún, omi ń ṣàn lójú wọn bọ́ sórí aṣọ. Nígbà tí wọ́n sọ tán, àbúrò wọn náà sọ tirẹ̀. Kò gùn. Màmá gbé fóònù sílẹ̀ lórí itan, wọ́n sì ń wò ó.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù fún wọn láyé nígbà yẹn, wọ́n sì pe àbúrò wọn ní gbogbo ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ tí mò ń sọ yìí, mo rò pé àbúrò wọn bú wọn ni. Mo jókòó tì wọ́n, mo di ọwọ́ wọn mú, mo ní, "Màmá, kí ni wọ́n sọ?"

Wọ́n fi etí aṣọ wọn nu ojú.

"Ó ní ọkọ yẹn ò burú, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ló pọ̀ jù. Ó ní kì í ṣe ìyẹn ló ń dun òun láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní kí ló dé tí mi ò sọ fún òun pé mo ń lọ. Ó ní, 'Ǹ bá bá ọ di ẹrù ẹ.'"